Bí o ṣe lè wáṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ láì tíì kó lọ sí Èkó

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo fi ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí ní Ìjẹ̀bú-Òde kí n lè bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ sí Èkó. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbà mí sí. Owó oṣù náà tóbi lójú ẹni tí kò gba owó oṣù rí, àfìgbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀ tí mo rí i pé owó ọkọ̀ ń jẹ ju ìdajì lọ. Èmi ń ṣiṣẹ́, dẹ́rẹ́bà ń gbowó. Lónìí, èmi ni mo ń ka CV àwọn tó ń wáṣẹ́ sí ẹ̀ka wa, Ìjẹ̀bú-Òde náà ni mo ṣì ń gbé. Tí ọmọ àdúgbò bá wá sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wáṣẹ́ ní Èkó," ìbéèrè kan ni mo máa ń bi í: "Kí lo ti ṣe rí, ta lo sì ṣe é fún?" Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń dákẹ́. Bí o ṣe máa rí ohun sọ níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ.

Kí àwọn tó jù mí lọ má bínú pé "o" ni mo ń lò. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn àbúrò mi nìyẹn.

Kọ́kọ́ mọ orúkọ iṣẹ́ tó ò ń wá

"Mo mọ kọ̀ǹpútà" kì í ṣe iṣẹ́. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé òun ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè nígbà tí ẹ̀rọ wọn bá kọṣẹ́. Ẹnì kan ń fa wáyà, ó ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹnì kan ń kọ kóòdù, ẹnì kan ń dán ohun tí wọ́n kọ wò kó tó dé ọwọ́ oníbàárà, ẹnì kan ń tú dátà wò, ẹnì kan ń ṣọ́nà kí ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì má baà wọlé. Mú ọ̀kan. O lè yí i padà lọ́dún tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa mú ọ.

Tí o bá ti mú un, wá ogún ìpolówó iṣẹ́ tó dá lórí irú iṣẹ́ náà gan-an. Ra ìwé kékeré kan. Kọ gbogbo ohun tí ìpolówó kìíní béèrè sílẹ̀, kí o sì fa igi kan síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ìkejì bá béèrè ohun kan náà, fi igi mìíràn kún un. Nígbà tí o bá fi máa ka ogún tán, nǹkan márùn-ún tí igi pọ̀ jù níwájú wọn ni ohun tí o máa kọ́ fún oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀. Nínú iṣẹ́ títún ẹ̀rọ òṣìṣẹ́ ṣe, ó dájú pé wàá rí Windows, Microsoft 365, Active Directory (ibi tí ilé-iṣẹ́ ti ń ṣètò orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn òṣìṣẹ́), àti bí a ṣe ń wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Nínú iṣẹ́ kíkọ wẹ́ẹ̀bù, wàá rí JavaScript (èdè kóòdù wẹ́ẹ̀bù), Git (tó ń tọ́jú ẹ̀dà kóòdù) àti SQL (èdè tí a fi ń bá àkójọ dátà sọ̀rọ̀) léraléra. Ìwé kékeré yẹn dára ju ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni lọ, títí kan tèmi.

Má jẹ́ kí "ìrírí ọdún márùn-ún" lé ọ sá. Ìpolówó iṣẹ́ dà bí ìwé ẹrù ìdána: ìdílé ìyàwó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa wọlé. Tí o bá ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá, fi ìwé rẹ ránṣẹ́.

Wá iṣẹ́ ṣe ní ìtòsí kí o tó wáṣẹ́ lọ sọ́nà jíjìn

Ibí ni mo ti fẹ́ kí o farabalẹ̀ kà, torí pé ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń fò kọjá.

Ní ọdún tí mo fi iṣẹ́ Èkó yẹn sílẹ̀, mo bá ìyá kan tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ọjà sọ̀rọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ 140, ìwé ńlá mẹ́ta, báírò pupa àti búlúù. Ní òpin ọdún, ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń ṣírò owó kí wọ́n tó pín in, ìjà kì í sì í gbẹ́yìn. N kò bi í bóyá ó fẹ́ wẹ́ẹ̀bù. Ohun tí mo bi í ni pé, "Mọ́mì, kí ló ń gba àsìkò yín jù ní òpin oṣù?" Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan.

Excel lásán ni mo fi tán an. Abala kan fún orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, abala kan fún owó tó ń wọlé, abala kan fún ẹ̀yáwó. Fọ́múlà SUMIFS ló ń ro owó ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀. Mo ti àwọn ibi tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn pa, mo fi ẹ̀dà kan sórí Google Drive, mo fi òmíràn sínú fláàṣì tó wà lọ́wọ́ alága, mo sì kọ ojú ìwé kan ní Yorùbá tó ṣàlàyé ohun tí akọ̀wé máa tẹ̀ àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ tẹ̀. Ní oṣù kejìlá, ọ̀sán kan ṣoṣo ni wọ́n fi pín owó. Iṣẹ́ yẹn, tí kò ní kóòdù ìlà kan nínú, ni ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ lẹ́yìn náà fi ogún ìṣẹ́jú béèrè lọ́wọ́ mi.

Irú rẹ̀ ni kí o wá. Ilé ìwé aládàáni tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn kì í bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ilé ìwòsàn kékeré tí fáìlì aláìsàn ń sọnù. Oníṣòwò gààrí tó ń kó ẹrù lọ sí Èkó tí kò mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Ìjọ tàbí mọ́sálásí tí Wi-Fi wọn kì í dé ẹ̀yìn. Ṣe é báyìí:

1. Ṣèlérí ohun kékeré kan, kí o sì dá ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tó.
2. Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kọ bó ṣe rí sílẹ̀: wákàtí mélòó ni iṣẹ́ náà ń gbà, ẹ̀ẹ̀mélòó ni ẹ̀rọ ń kú lọ́sẹ̀. Tí o kò bá ka iye yìí ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní sí ohun tí o máa fi wé e ní ìparí.
3. Ṣe é, kí o sì kọ́ ẹni tó máa lò ó. Kọ ìwé ìtọ́ni fún un ní èdè tó ń sọ.
4. Gba owó, bó ti wù kó kéré. Tí kò bá sí owó, gba gààrí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá, a mọ̀ pé ohun tí a kò fi nǹkan rà, a kì í tọ́jú rẹ̀.
5. Lẹ́yìn oṣù kan, padà lọ wò ó. Ohun tó bàjẹ́ nígbà tí o kò sí níbẹ̀ ni wàá ti kọ́gbọ́n jù.
6. Kọ ojú ìwé kan: ohun tó ń dùn wọ́n, ohun tí o ṣe, ohun tó yí padà, ohun tí o máa ṣe lọ́nà mìíràn bí o bá tún un ṣe.

Ṣọ́ra o. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti gbèsè àwọn ìyá ọjà kì í ṣe ohun tí a ń gbé sórí GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ti ń fi iṣẹ́ wọn hàn. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti wà láti 2023, agbanisíṣẹ́ tó bá sì rí dátà oníbàárà nínú iṣẹ́ tó o fi ń ṣàfihàn ara rẹ yóò rò ó pé tòun náà ló kàn. Fi orúkọ àròsọ àti iye àròsọ rọ́pò wọn.

Bí iṣẹ́ tó ò ń wá bá ju ti àdúgbò lọ, kọ́ ọ sílé. Packet Tracer, tí Cisco ń fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ ní Networking Academy lọ́fẹ̀ẹ́, máa jẹ́ kí o so ráútà àti súwíìṣì pọ̀ láì ra ọ̀kankan. VirtualBox, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mìíràn ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà rẹ, náà kì í gbowó. Microsoft sì ń jẹ́ kí èèyàn dán Windows Server wò fún 180 ọjọ́. Tí kọ̀ǹpútà rẹ bá ní RAM 8GB, o lè gbé Active Directory kékeré kalẹ̀ nínú yàrá rẹ, kí o dá òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tí kò sí láyé sílẹ̀, kí o máa gba ọ̀rọ̀ aṣínà wọn padà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ṣì wà nílé ìwé, ní Àgọ́-Ìwòyè, Ìjagun, Ìlíṣàn tàbí Sáàpadé. Lẹ́nu yín, "IT" ni oṣù mẹ́fà tí ẹ fi ń lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ètò SIWES, tó ti wà láti 1973. Púpọ̀ nínú yín ń lo oṣù mẹ́fà yẹn láti ra oúnjẹ fún ọ̀gá. Wá ibi kékeré tí wọ́n á ti jẹ́ kí o fọwọ́ kan ráútà, dípò báńkì ńlá tí wọ́n á ti ní kí o máa gbé fáìlì. Kọ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ bí ẹni tó fẹ́ tún un kà: àṣìṣe wo ló jáde, kí lo dán wò, èwo ló ṣiṣẹ́.

CV

Ojú ìwé kan, méjì ó pọ̀ jù. Yọ fọ́tò, ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ọjọ́ ìbí àti "mo fẹ́ràn ìwé kíkà" kúrò. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kọ orúkọ, nọ́ńbà, ímeèlì tó bójú mu, ìlú, àti ìlínkì iṣẹ́ rẹ sókè. Má lo tábìlì tàbí àpótí aláràbarà, torí pé ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń fi ẹ̀rọ kọ́kọ́ ka CV, ẹ̀rọ náà sì lè ka òsì mọ́ ọ̀tún. Fi í pamọ́ bíi PDF tí a lè yan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí o yà ní fọ́tò ní ilé ìtẹ̀wé.

Ní Gẹ̀ẹ́sì ni wàá kọ ọ́, ṣùgbọ́n ronú rẹ̀ ní Yorùbá kí o tó kọ ọ́. "Mo ran ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà" kò sọ nǹkan kan. "Mo kó àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ 140 kúrò nínú ìwé sínú Excel, ìṣirò òpin ọdún tó ń gba ọjọ́ méjì di iṣẹ́ ọ̀sán kan" sọ gbogbo rẹ̀. Gbogbo ìlà tí o bá kọ, bi í pé: ta ni mo ṣe é fún, kí ni mo lò, kí ló yí padà?

Gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ fi CV ránṣẹ́, tún ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ kọ kó bá ìpolówó náà mu. CV kan náà tí a fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ibi jọ ìwé ìpè ìnáwó tí wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí. Ta ló máa lọ?

Ìwé-ẹ̀rí

Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yáwó ìdánwò. CCNA, ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ń gba 300 dọ́là, AWS Cloud Practitioner, ti kọ̀ǹpútà tí a ń háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń gba 100, ìdánwò méjì ni A+ ti CompTIA, ti àtúnṣe ẹ̀rọ, ọdún mẹ́ta sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ń wúlò kó tó di pé o tún un ṣe. Padà sínú ìwé kékeré rẹ: bí ìpolówó tó dárúkọ ìwé-ẹ̀rí náà kò bá tó mẹ́jọ nínú ogún, fi í sílẹ̀ ná. Ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́: CS50 ti Harvard, freeCodeCamp, àti 3MTT, ètò ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023. Kọ́ ọ tán, kí owó oṣù rẹ àkọ́kọ́ san owó ìdánwò.

Ibi tí iṣẹ́ wà, àti ẹni tí o máa bá sọ̀rọ̀

Bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Yunifásítì, ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ṣágámù, báńkì kékeré, ilé ìwòsàn, ilé ìtura: gbogbo wọn ló ní ẹ̀rọ tó ń kọṣẹ́, díẹ̀ nínú wọn ló sì ń polówó iṣẹ́ sórí LinkedIn. Wọ aṣọ tó mọ́, lọ bá ẹni tó ń bójú tó ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wọn, fi ojú ìwé kan tí o kọ nípa iṣẹ́ tí o ṣe ní àdúgbò hàn án.

Lẹ́yìn náà ni ohun tí ọmọ Èkó kò ní. Gbogbo ọdún, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí a fi ọjọ́ orí dá, máa ń tò lọ síwájú Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba, a máa ń wo aṣọ, a máa ń wo ẹṣin. Èmi máa ń wo ẹni tó wà nínú aṣọ. Nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, o lè rí onílé-iṣẹ́, ọ̀gá báńkì, àti ẹni tó ń darí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní òkè òkun. Àwọn ìlú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n Rẹ́mọ náà ní ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tiwọn. Bàbá rẹ, ìyá rẹ tàbí àǹtí rẹ wà nínú ọ̀kan. Má ṣe lọ bá wọn lójú agbo o, àsìkò ijó nìyẹn. Gba nọ́ńbà lọ́wọ́ àǹtí rẹ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí o sì kọ irú ọ̀rọ̀ yìí:

"Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ọmọ arábìnrin inú ẹgbẹ́ yín ni mí, àwọn ló fún mi ní nọ́ńbà yín. Mo ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ilé ìwé méjì ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: tí ẹ bá fẹ́ gba ẹni tuntun sí ẹ̀ka yín, kí lẹ máa kọ́kọ́ wò? Ìdáhùn kékeré náà tó. Ẹ ṣé púpọ̀, sà."

Kíyè sí i pé ìwé náà kò tọrọ iṣẹ́. Ẹni tí a tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń sá. Ẹni tí a bi ní ohun tó mọ̀ máa ń dúró sọ̀rọ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tó fi ohùn ìṣẹ́jú mọ́kànlá ránṣẹ́ lórí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú "Fi CV rẹ ránṣẹ́ ná."

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Tí ó bá jẹ́ lórí Zoom, gbà pé iná máa lọ. Gba iná sínú kọ̀ǹpútà àti fóònù rẹ kó kún, ní síìmù ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ní dátà tó ju 1GB lọ fún wákàtí kan. Bí àdúgbò yín bá ní jẹnẹrátọ̀ tó ń pariwo, lọ sí ilé ọ̀rẹ́. Ọjọ́ kan ṣáájú, pe ẹnì kan láti ibẹ̀ ní wákàtí náà gan-an.

Ṣe ìṣirò aago dáadáa. A kì í yí aago padà níbí, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù àti New York ń yí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago wa àti ti Lọ́ńdọ̀nù dọ́gba. Nígbà òtútù, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. New York ń tẹ̀ lé wa pẹ̀lú wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà. Nítorí náà "aago mẹ́sàn-án sí márùn-ún" ní New York lè jẹ́ aago méjì ọ̀sán sí mẹ́wàá alẹ́ lọ́dọ̀ rẹ. Béèrè kí o tó gbà.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi gbogbo ẹni tó bá wáṣẹ́ sọ́dọ̀ mi rèé: òṣìṣẹ́ kan pè, ó ní íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣiṣẹ́, kí lo máa ṣe? Àwọn kan á sọ pé "mo máa tún un tàn." Ẹni tí mo ń wá máa kọ́kọ́ béèrè: ṣé ìwọ nìkan ni àbí gbogbo ọ́fíìsì, láti ìgbà wo, kí ló yí padà? Lẹ́yìn náà ló máa wo wáyà. Lẹ́yìn náà, àdírẹ́sì IP: bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ẹ̀rọ náà ti tọrọ àdírẹ́sì lọ́wọ́ DHCP, tó ń pín àdírẹ́sì fún ẹ̀rọ, kò sì rí gbà. Bí àdírẹ́sì bá dára, ó máa ping ráútà, ìyẹn ni pé ó máa ránṣẹ́ sí i láti wò bóyá ó máa dáhùn. Bí ráútà bá dáhùn, ó máa ping 8.8.8.8, àdírẹ́sì Google kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìyẹn náà bá dáhùn, síbẹ̀ tí orúkọ wẹ́ẹ̀bù kò ṣí, DNS, tó ń sọ orúkọ wẹ́ẹ̀bù di àdírẹ́sì, ni kó wò. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dín ibi tí àlébù lè sá pamọ́ sí kù. Sọ ọ́ síta bí o ṣe ń rò ó. Tí o kò bá mọ ohun kan, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n, kí o sì sọ ibi tí o máa kọ́kọ́ wò. Irọ́ kì í pẹ́ hàn níwájú ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ náà.

Owó

Má fi owó oṣù wé owó oṣù; fi ohun tó kù wé ohun tó kù. Yọ owó ọkọ̀ Ìjẹ̀bú sí Èkó fún iye ọjọ́ tí o máa lọ, tàbí owó ilé ní Èkó, yọ oúnjẹ ọ̀sán, yọ dátà àti epo jẹnẹrátọ̀ bó bá jẹ́ ilé ni wàá ti máa ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ kékeré ní Ìlíṣàn lè ṣẹ́ owó kù fún ọ ju iṣẹ́ ńlá ní Victoria Island lọ. Mo fi ọdún kan àti oṣù mẹ́rin san owó ẹ̀kọ́ yẹn.

Béèrè owó ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú. Òfin 2014 sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí i fún ọ, kí ìwọ náà fi 8. Bí ilé-iṣẹ́ òkè òkun bá gbà ọ́ bí aláfọwọ́ṣe tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, kò sí ìfẹ̀yìntì, kò sí ìsinmi, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n lè dá a dúró. Fi ìyẹn kún iye tí o máa pè.

Àwọn oníjìbìtì

Ẹni tó ní kí o san owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó aṣọ iṣẹ́ kí o tó wọlé kò ní iṣẹ́ kankan. BVN àti nọ́ńbà OTP kì í ṣe ohun tí a ń fi sínú CV. Èyí tuntun tó ń mú àwọn tó ń kọ kóòdù ni ti agbanisíṣẹ́ èké tó máa fi iṣẹ́ àdánwò ránṣẹ́, kóòdù tó o máa ṣí lórí ẹ̀rọ rẹ, tó sì jẹ́ pé kóòdù náà ló ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ kó. Ka ohun tó wà nínú rẹ̀ kí o tó ṣí i, tàbí kí o ṣí i nínú VirtualBox. Bí iṣẹ́ àdánwò bá ju ọjọ́ méjì lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wá.

Ìwé ìwáṣẹ́

Ní ẹ̀yìn ìwé kékeré yẹn, fa ìlà: ọjọ́, ilé-iṣẹ́, irú CV tí o lò, ẹni tí o bá sọ̀rọ̀, ìdáhùn. Márùn-ún lọ́sẹ̀ tí o tún kọ dáadáa tó. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láì sí ìdáhùn, kọ ímeèlì ìlà méjì láti fi béèrè. Bí ọ̀sẹ̀ kejì bá tún kọjá, fi báírò pupa fa ìlà sí i. Lẹ́yìn ogún ìlà, wò ó: bí ẹnikẹ́ni kò bá pè ọ́, CV ni kí o tún ṣe, bí wọ́n bá ń pè ọ́ tí wọn kò gbà ọ́, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, padà lọ bá àwọn tí o ṣiṣẹ́ fún ní àdúgbò, béèrè ohun tó tún ń yọ wọ́n lẹ́nu.